Ẹnu Mi Ni Mo Fi Tú Àṣírí Ọ̀rẹ́ Mi

Kò tíì ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, ó sì ń dùn mí títí di àsìkò tí mo ń kọ ọ́ yìí. Ẹ̀yin tí ẹ wà nínú ẹgbẹ́ bíi tiwa, níbi tí àwa tí ọtí ti sọ di ẹrú rí ti ń ran ara wa lọ́wọ́, ẹ mọ bí inú ti máa ń gbóná nígbà tí a bá jáde lọ sọ fún aráyé pé ọ̀nà àbáyọ wà.

Gáréèjì kan ní Ìbàdàn ni àwa mẹ́rin lọ ní àárọ̀ Sátidé, pẹ̀lú ìwé pélébé tí nọ́ńbà fóònù ẹgbẹ́ wà lára rẹ̀. A mọ̀ọ́mọ̀ yan ibẹ̀ ni, nítorí pé kí aago méje tó lù ni àwọn awakọ̀ mìíràn ti máa ń mu paraga. Nígbà tí wọn kò gba ìwé, mo gba gbohùngbohùn lọ́wọ́ akọ̀wé wa, mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn ara mi, wọ́n sì ń fi mí rẹ́rìn-ín. Ìgbà náà ni mo nawọ́ sí ọ̀rẹ́ mi, tí mo ní: ‘Ẹ wo ọkùnrin yìí. Ọtí fẹ́rẹ̀ẹ́ tú ilé rẹ̀ ká, ṣùgbọ́n oṣù mẹ́sàn-án rèé tí kò ti fẹnu kàn án.’

Obìnrin tí ń ta paraga dá ọwọ́ dúró, pẹ̀lú ife kékeré tí ó fẹ́ rọ nǹkan sí. Ọmọkùnrin kan tí ń pe èrò sí bọ́ọ̀sì súnmọ́ wa, ó ní: ‘Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ̀yin ni wọ́n ń sọ yìí?’ Àbúrò ìyàwó ọ̀rẹ́ mi ni. Ọ̀rẹ́ mi kò dáhùn. Ó ká ìwé pélébé ọwọ́ rẹ̀ sí méjì, ó tún ká a sí mẹ́rin, ó ń ká a lọ títí ó fi kéré nínú àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, tí òógùn sì ti mú un rin. Ìyàwó rẹ̀ nìkan ni ó mọ ibi tí ó ń lọ ní gbogbo Ọjọ́bọ̀. Àwọn àna rẹ̀ kò gbọ́ nǹkan kan rí. Ó fi ìwé náà sí mi lọ́wọ́, kò wo ojú mi, ó sì fẹsẹ̀ rìn jáde láì wọ ọkọ̀ kankan.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé mo fẹ́ dójú tì í. Oríyìn ni mo rò pé mo ń fún un, ṣùgbọ́n n kò bi í.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ni pé ìtàn tèmi nìkan ni mo ní láti sọ. Alcoholics Anonymous, ẹgbẹ́ àwọn tí ń ran ara wọn lọ́wọ́ láti jáwọ́ nínú ọtí, tí a ń tẹ̀lé ìlànà rẹ̀, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Akron, ìpínlẹ̀ Ohio ní Amẹ́ríkà, ní ọdún 1935, fi í sínú ìlànà rẹ̀ kọkànlá pé ìwà wa ni kí ó fa ènìyàn mọ́ra, kì í ṣe ìpolówó, àti pé kí a má ṣe tú àṣírí ẹni tí a jẹ́ nínú ìwé ìròyìn, lórí rédíò tàbí nínú fíìmù. Àìmọye ìgbà ni mo ti ka ìlànà yìí sókè ní ìpàdé. Mo sọ fún ara mi pé gáréèjì kì í ṣe rédíò. Ṣùgbọ́n rédíò wo ni ó yá dé ilé àna ẹni ju gáréèjì lọ?

Àṣírí tí a pa mọ́ kò sì dí iṣẹ́ lọ́wọ́. Ní oṣù kẹta ọdún 1941, Jack Alexander, oníròyìn tí kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́, kọ nípa Alcoholics Anonymous nínú Saturday Evening Post, ìwé ìròyìn kan ní Amẹ́ríkà, láì tú orúkọ àwọn olùdásílẹ̀ wọn. Kí ọdún náà tó parí, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ náà ti kúrò ní nǹkan bí 2,000, wọ́n ti di nǹkan bí 8,000.

Ẹ̀kọ́ kejì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà: kí a tó jáde, kí a bi olúkúlùkù ohun tí ó fẹ́ kí a gbọ́ nípa òun. Kí ẹni tí ó bá fẹ́ pín ìwé nìkan pín ìwé. Àwọn nọ́ọ̀sì, pásítọ̀ àti àwọn ààfáà ni a tún ń fún ní ìwé báyìí, nítorí pé ọ̀dọ̀ wọn ni àwọn ará ilé ọ̀mùtí ń sunkún lọ.

Mo lọ bẹ̀ ẹ́ nílé. Ó padà wá sí ìpàdé ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, kò sì mutí. Ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ni ó jókòó sí. Ó ní òun yóò tún bá wa jáde, bí kò bá ti jẹ́ èmi ni yóò mú gbohùngbohùn lọ́wọ́. Mo ti dá a padà fún akọ̀wé.