Ayò Bàbá, Dráfù Gáréèjì

Ọjọ́ Ẹtì. Ó lé ní wákàtí kan tí mo fi jókòó ní gáréèjì Òjóò, n'Ìbàdàn, kí ọkọ̀ Ọ̀yọ́ tó kún. Àwọn awakọ̀ méjì gbé pátákó dráfù sáàárín. Ìdérí ìgò ni ọmọ rẹ̀: ẹnì kan kọjú tirẹ̀ sókè, ẹnì kejì da tirẹ̀ dé. Wọ́n ń yára ta á bí ẹni tí wọ́n ń lé. Bí ọmọ ẹnì kan bá tán, ó dìde, ẹlòmíì bọ́ síbẹ̀, bí ọkọ̀ ṣe ń tò gba tọ́ọ̀nù gẹ́lẹ́.

Bàbá bàbá mi ni mo rántí. Àgbẹ̀ ni wọ́n. Tí wọ́n bá toko dé, tí wọ́n wẹ̀, tí wọ́n jẹun, wọ́n á gbé ọpọ́n ayò lọ sábẹ́ igi ọdán. Ilé 12, ọmọ 48, mẹ́rin nínú ilé kọ̀ọ̀kan. Ọwọ́ tí wọ́n fi ń ka àgbàdo sójú ebè náà ni wọ́n fi ń ka ọmọ ayò láti ilé dé ilé. Òfin kan wà tí mo fẹ́ràn jù: bí ilé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ẹni tẹ́ ẹ jọ ń ta bá ṣófo, dandan ni kó o ta èyí tí yóò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, tó bá ṣeé ṣe. Bàbá máa ń bi mí pé, “Tébi bá pa mí, ta lo fẹ́ bá ta?” Èmi gbà pé òfin àwọn tó ń ṣe àáró, tó ń bẹ ọ̀wẹ̀, tó ń fúnra wọn ní irúgbìn ni.

Àwa ṣe ẹkùn mẹ́ran lábẹ́ òṣùpá, torí ẹran wà nílé, igbó ò sì jìnnà. Àwọn ọmọ àdúgbò mi báyìí, àga ni wọ́n ń tò bí ìjókòó ọkọ̀. Èyí tó dàgbà jù á máa pariwo, “Ó ku ẹnì kan! Wọlé pẹ̀lú ṣéńjì ẹ o!”

Ilẹ̀ ti ṣú kí n tó dé Ọ̀yọ́. Ọpọ́n Bàbá ṣì wà lórí àjà, ọmọ rẹ̀ ku 41. Mo ṣa òkúta wẹ́wẹ́ méje kún un. Àbúrò mi lóun ò mọ̀ ọ́n ta. Mo ní kó jókòó.