Sátidé: Ìjàpá tí kò fọwọ́ kan ọbẹ̀

Ìtàn tí a bá fẹ́ fi ṣẹ̀fẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí ọmọ ọdún méje lè gbà lẹ́nu apàlọ́ kó sì parí rẹ̀ fúnra rẹ̀. Orí èrò yìí ni mo wà láàárọ̀ Sátidé yìí, nítorí kátúùnù tó ń fi àlọ́ ṣẹ̀fẹ̀ wà káàkiri lórí fóònù, púpọ̀ nínú wọn ni kò sì pani lẹ́rìn-ín. Ẹ̀bi ayàwòrán kọ́. Nǹkan márùn-ún ni wọ́n máa ń yí padà lẹ́ẹ̀kan náà: Ìjàpá wọ kóòtù, ó gun ọ̀kadà, ó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, Yánníbo di lọ́yà, ọba di gómìnà. Ọmọ tó ń wò ó kò rí ìtàn tó mọ̀ mọ́, kò wá mọ ohun tí wọ́n ń fi ṣẹ̀fẹ̀.

Jay Ward àti Bill Scott, àwọn oníkátúùnù kan ní Amẹ́ríkà, kò ṣe é báyẹn. Nínú ètò wọn tó bẹ̀rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n ní 1959, wọ́n ya apá kan sọ́tọ̀ tí wọ́n pè ní Fractured Fairy Tales, níbi tí wọ́n ti ń fi àlọ́ àtijọ́ ṣẹ̀fẹ̀, ìtàn kọ̀ọ̀kan á gbà tó ìṣẹ́jú mẹ́rin àbọ̀. Edward Everett Horton ló ń sọ ìtàn náà, pẹ̀lú ohùn bàbá àgbà tó ń bá ọmọ-ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Kò rẹ́rìn-ín. Kò fi hàn pé òun mọ̀ pé ìtàn ti wọ́. Owó tí wọ́n ná lórí àwòrán kò tó nǹkan, ilẹ̀ Mẹ́síkò ni wọ́n ti ya púpọ̀ nínú rẹ̀, àwọn ẹ̀dá inú rẹ̀ kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ rìn káàkiri. Ọ̀rọ̀ ẹnu ló gbé e dúró. Inú mi ń dùn sí èyí, nítorí ẹni tó ní kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ní Tankẹ ní Ilọrin tàbí ní Ọ̀fà lè ṣe irú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú ìtàn ọbẹ̀ àsèjẹ. Yánníbo ń wá ọmọ, Ìjàpá lọ bá babaláwo, babaláwo se ọbẹ̀, ó ní kò gbọ́dọ̀ tọ́ ọ wò, Ìjàpá tọ́ ọ wò lójú ọ̀nà, ikùn rẹ̀ wú. Ẹ yí ẹyọ kan padà: Ìjàpá pa èèwọ̀ mọ́. Kò fọwọ́ kan ọbẹ̀ rárá. Ẹ fi ìyókù sílẹ̀ bó ṣe wà. Babaláwo ti po ẹ̀rọ̀ ikùn wíwú sílẹ̀ kí Ìjàpá tó padà délé. Àwọn ará ìlú ti tò sí ojú pópó láti wo ikùn. Yánníbo mú okùn, ó ń wọn ìbàdí ọkọ rẹ̀, ó ní ọbẹ̀ tí Ìjàpá gbé rin ọ̀nà jíjìn tí kò dín, ọbẹ̀ mìíràn ni. Bí ó ti ń búra tó ni wọ́n ń fura sí i tó. Àyípadà kan ló bí gbogbo ìyẹn.

Ní Ilọrin níbí, ẹnìkan lè ní ká fi àáfà rọ́pò babaláwo. N kò fara mọ́ ọn. Àyípadà kejì nìyẹn, ó sì máa gbé àríyànjiyàn ẹ̀sìn wọ inú ọ̀rọ̀ ọbẹ̀. Bí orúkọ babaláwo bá kọni lóminú, ẹ pè é ní oníṣègùn, ó ti tó.

Ohun tí a lè fi ṣe ti ìlú wa ni ohun èlò. Ẹ ya ìkòkò náà bí èyí tí àwọn ìyá amọ̀kòkò ń mọ ní Dada, lágbègbè Òkèlele, kí ìdí rẹ̀ rí roboto. Ìkòkò bẹ́ẹ̀ kò lè dá dúró lórí ilẹ̀ títẹ́jú, nítorí náà Ìjàpá ní láti gbé e lé òṣùká, kó fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé òpin. Ẹ̀rí rẹ̀ nìyẹn pé kò fọwọ́ kẹnu, ẹnikẹ́ni kò sì ní kà á sí.

Ohùn ni a ń kọ́kọ́ gbà, àwòrán á tẹ̀ lé e. Ẹ gbé fóònù sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu díẹ̀, kí èémí p àti b má baà lù ú. Ẹ pa fáànù. Ẹ gba ìdákẹ́jẹ́ yàrá náà sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 30, òun ni ẹ máa fi dí ibi tí ẹ bá gé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ gbogbo ojú ibi tí ẹ gé ni etí á gbọ́.

Ìṣẹ́jú mẹ́rin àbọ̀ jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 270. Bí férémù, ìyẹn ẹyọ àwòrán kọ̀ọ̀kan tó ń tò kọjá lójú, bá jẹ́ 24 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ó di 6,480. Bí àwòrán kọ̀ọ̀kan bá dúró fún férémù méjì, ó ṣì ku 3,240 láti yà, ẹnìkan kò lè dá a ṣe. Ìrìn Ìjàpá ló ń gbà wá: àwòrán 12, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún férémù mẹ́ta, ìṣísẹ̀ méjì á gba ìṣẹ́jú àáyá kan àbọ̀, ẹ óò sì máa lò ó lálòtúnlò ní gbogbo ojú ọ̀nà. Ara á dúró, ẹnu àti ojú nìkan ni yóò máa yí.

Ẹnu yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú, torí àtẹ ẹnu (àwọn àwòrán ẹnu tí à ń pààrọ̀ bí ẹ̀dá bá ń sọ̀rọ̀) tí wọ́n ṣe fún Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń lò. Wọ́n rí g nínú gb, wọ́n ya ẹnu sílẹ̀. Ètè gbọ́dọ̀ pàdé fún gb àti p tiwa, gẹ́gẹ́ bíi b àti m. Ń inú "ń lọ" kò pa ètè dé, ṣùgbọ́n ti "ń bọ̀" ń pa á dé. Ẹnu méje tó: èyí tó padé, f, a, e pẹ̀lú ẹ, i, o pẹ̀lú ọ, àti u pẹ̀lú w.

Orin tún wà níbẹ̀. Bí Ìjàpá bá ń kọ "n ò fọwọ́ kẹnu" níbi tí a ti mọ̀ ọ́n sí "mo fọwọ́ kẹnu", ohùn ìsàlẹ̀ kan ti wọlé. Ẹ fún "ò" ní àyè tirẹ̀ nínú orin. Bí ẹ bá fún un pọ̀ mọ́ èyí tó ṣáájú, ìjẹ́wọ́ ni ọmọ á gbọ́, ìtàn náà á sì dàrú pátápátá.

Lẹ́yìn gbólóhùn ẹ̀fẹ̀, ẹ dá gbogbo nǹkan dúró fún férémù 12 sí 18 kí ojú Yánníbo tó yí. Kí apàlọ́ má rẹ́rìn-ín o, kó má sì yára.

Kí ẹ tó gbé e jáde, ẹ ní kí àwọn ọmọ mélòó kan pa àlọ́ náà fún yín ná. Bí wọn kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ fi ìṣẹ́jú àáyá 20 síwájú, kí apàlọ́ sọ ìtàn gidi náà ní gbólóhùn mẹ́rin lórí àwòrán kan tí kò mì.