Dátà wọ́n, a ṣì ń rà á

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan ṣe bísínẹ́ẹ̀sì kọ́ọ̀lù lábẹ́ ańbùrẹ́là ní Mọ́kọ́lá n'Íbàdàn láyé 2003. Ìgbà yẹn, bíi ₦50 ni ìṣẹ́jú kan, tóo bá fi sẹ́kọ́ńdì kan péré kọjá, wọ́n ti ka méjì sí ẹ lọ́rùn. Àwọn nẹ́tíwọọ̀kì tó wà nílẹ̀ ní kíka sẹ́kọ́ńdì ò tíì ṣe é ṣe. Àfi bí Glo ṣe dé lóṣù kẹjọ ọdún yẹn tó ní sẹ́kọ́ńdì lòun á máa kà, kò pẹ́ ó ti ṣe é ṣe fún gbogbo wọn. Ẹ̀gbọ́n mi ló gbádùn ẹ̀ jù jàre, wọ́n ń ka sẹ́kọ́ńdì fún un, òun ń ka odidi ìṣẹ́jú fún kọ́sítọ́mà.

Owó kọ́ọ̀lù já wálẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ èrò ló bá wọn dí i. Láyé NITEL, ilé-iṣẹ́ fóònù ìjọba, gbogbo ìlà fóònù Nàìjíríà ò tó mílíọ̀nù kan, nígbà tó fi máa di 2013 ó ti lé ní mílíọ̀nù 100.

Dátà ni ò rí bẹ́ẹ̀. Dátà tí wọ́n ń tà fún wa náà ló ń pa ọjà wọn yòókù, torí tí mo bá ti ní dátà, WhatsApp ni n ó fi pe àbúrò mi tó wà ní London, ta ló tún ń ra káàdì torí ìyẹn, tẹ́ẹ̀sì ńkọ́, báńkì nìkan ló kù tó ń fi ránṣẹ́ sí mi. Fídíò tí gbogbo wa ń wò yìí, àfi kí wọ́n máa ra ẹ̀rọ kún ẹ̀rọ, dọ́là ni wọ́n sì fi ń rà á, ká má tíì sọ dísẹ́ẹ̀lì tí máàsì, òpó nẹ́tíwọọ̀kì wọn, ń mu torí iná ò sí. Nígbà tí náírà wá já ní June 2023, MTN pàdánù ₦137 bílíọ̀nù lọ́dún yẹn, ó tún di ₦400 bílíọ̀nù ní 2024, bẹ́ẹ̀ owó tó wọlé fún wọn ní 2024 yẹn lé ní tírílíọ̀nù mẹ́ta o!

Àwọn nẹ́tíwọọ̀kì ní kí NCC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó wọn, jẹ́ káwọn fi 100% lé owó, NCC gbà fún 50% ní January 2025. Mo pariwo, mo búra pé màá dín TikTok kù. Irọ́ ni. Ṣé kí n má ṣiṣẹ́ ni? Láàárín oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́ ọdún yẹn, MTN ti jèrè tó ju ₦400 bílíọ̀nù lọ, àmọ́ kì í ṣe owó tiwa nìkan, náírà náà ti fara balẹ̀ díẹ̀.

Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn ni pé kò sẹ́ni tó ń já owó dátà wálẹ̀ báyìí láti fi gba kọ́sítọ́mà. Ní Íńdíà, nẹ́tíwọọ̀kì kan tó ń jẹ́ Jio wọlé ní 2016 pẹ̀lú dátà ọ̀fẹ́ fún oṣù mélòó kan, ó le débi pé nẹ́tíwọọ̀kì méjì tó ti wà níbẹ̀, Vodafone àti Idea, para pọ̀ ní 2018, Aircel ní tiẹ̀ kógbá sílé. Níbí ńkọ́? 9mobile tó di T2 ní 2025, orí máàsì MTN ni kọ́sítọ́mà ẹ̀ tún ń gbà báyìí níbi tí máàsì tiẹ̀ ò dé. Ẹni tó ń gbé nínú ilé ẹ, ṣé òun ló máa wá bá ẹ du kọ́sítọ́mà?