Ẹ Wo Iyanrìn Kí Ọwọ́ Yín Tó Kàn Án: Ẹ̀kọ́ Tí A Kọ́ Lẹ́nu Iṣẹ́ Ìjàpá Òkun

Ẹ̀yin àbúrò wa, ilẹ̀ kò gbọdọ̀ mọ́ bá yín nílé. Ipa tí ìjàpá òkun fà sórí iyanrìn lóru kì í pẹ́ parẹ́: atẹ́gùn á gbá a, omi tó ń kún á gbé e lọ, ẹsẹ̀ èèyàn á tẹ ìyókù pa. Ẹ̀gbẹ́ ipa náà ni kí ẹ máa tọ̀. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀, kí ẹ wọn ìbú rẹ̀, kí ẹ tó ṣe ohunkóhun míì.

Ìbú yẹn àti bí ojú ẹsẹ̀ ṣe tò ló ń sọ irú èyí tó wá. Chelonia mydas (ìjàpá òkun aláwọ̀ ewé) máa ń ju ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí náà ojú ẹsẹ̀ ọ̀tún àti tòsì á kọjú síra. Ìbú rẹ̀ tó nǹkan bíi mítà kan. Lepidochelys olivacea (èyí tí wọ́n ń pè ní olive ridley) ń gbé tirẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ipa rẹ̀ sì tẹ́ẹ́rẹ́ díẹ̀. Ti Dermochelys coriacea (èyí tí awọ bo ẹ̀yìn rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní leatherback) ló fẹ̀ jù.

Kì í ṣe gbogbo èyí tó gòkè ló yé o. Èyí tó bá yé á ti fẹsẹ̀ iwájú da iyanrìn sẹ́yìn láti bo ihò, iyanrìn tútù yẹn á sì bo apá kan ipa tó bá gòkè mọ́lẹ̀. Bí ipa bá kàn yípo padà sómi, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò yé, kí ẹ máa lọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má figi gúnlẹ̀ wá ẹyin. Ẹyọ kan tó bá fọ́ á jẹrà, á sì pe èèrà àti akàn wá bá ìyókù. Ìka ni kí ẹ lò: iyanrìn orí ihò kì í le, ìka á rì wọlé.

Kíkó ẹyin kúrò ló gba ìṣọ́ra jù. À fi bí òkun yóò bá dé ibẹ̀, kó sì jẹ́ láàárín wákàtí 6 tó yé e. Lẹ́yìn ìyẹn, ọmọ inú ẹyin á ti lẹ̀ mọ́ awọ inú èèpo; ẹ yí i pẹ́rẹ́, ọmọ á já, á kú. Ihò tuntun gbọ́dọ̀ jìn tó ti àkọ́kọ́, kí ọrùn rẹ̀ há, kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ fẹ̀. Kí oòrùn máa pa á bíi ti tẹ́lẹ̀ pẹ̀lú, torí ooru ló ń pinnu akọ tàbí abo: wọ́n máa ń fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba ní nǹkan bíi 29°C, bó bá gbóná jù bẹ́ẹ̀, abo ló ń pọ̀.

Bí ọmọ bá ti jáde, ẹ dúró ọjọ́ 3 kí ẹ tó wa ihò láti ka èèpo ẹyin tó ti pa, torí àwọn kan ṣì lè máa bọ̀. Èèpo tó bá ju ìdajì lọ nìkan ni kí ẹ kà. Bí ẹ bá ka wẹ́wẹ́ mọ́ ọn, ẹyin kan á di méjì lórí ìwé.