Nígbà Tí Ọkàn Mi Kọ Gígun Òkè, Mo Bọ́ Sórí Kẹ̀kẹ́ Oníná

Ó ti lé ní ọdún 19 tí mo ti ń wa kẹ̀kẹ́ orí òkè, irú èyí tí táyà rẹ̀ fẹ̀, tí ó ní sípíríǹgì níwájú àti lẹ́yìn, tí wọ́n ṣe fún ọ̀nà eléruku, àpáta àti gbòǹgbò igi. Àárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan ni ara mi kọ́kọ́ fọhùn. Mo ti gun òkè tí mo fẹ́ràn jù dé ìdajì, níbi tí gbòǹgbò igi ńlá kan ti dábùú ọ̀nà, nígbà tí àyà fún mi bí ẹni pé wọ́n fi ọ̀já dì mí pinpin. Kì í ṣe ìrora tó ń gún ni bí abẹ́rẹ́. Ó kàn ń fún mi ni, ó sì ń gba èjìká òsì lọ sí àgbọ̀n ìsàlẹ̀. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú, kí ó tó di ìṣẹ́jú 3, ó ti lọ. Mo parọ́ fún ara mi pé inú ló kún. Ó tún ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kí n tó sọ fún ìyàwó mi, mo sì ń sọ ọ́ síta báyìí kí ẹni tó bá ń kà á má baà fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣòfò bí èmi ti ṣe: àyà tó bá ń fún ni nígbà tí a bá ń ṣiṣẹ́ agbára, tó sì ń dẹ̀ nígbà tí a bá sinmi, ọ̀dọ̀ dókítà ni kí á gbé e lọ kíákíá.

Ohun tí àyẹ̀wò fi hàn ni pé ọ̀kan nínú àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ tó ń bọ́ ọkàn fúnra rẹ̀ ti há. Wọ́n gba ọrùn ọwọ́ mi ki wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan wọlé, wọ́n fi àpò róbà tín-ín-rín kan tó ń wú fẹ ojú ibẹ̀, wọ́n sì fi àwọ̀n irin kékeré tí wọ́n ń pè ní stent sílẹ̀ níbẹ̀ kí ó má baà padà há. Ọjọ́ kejì ni mo padà sílé pẹ̀lú oògùn oríṣi mẹ́rin. Nínú gbogbo wọn, èyí tí wọ́n ń pè ní beta-blocker ni ó yí ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ mi padà jù, nítorí pé iṣẹ́ rẹ̀ ni láti dí agbára omi ara tó máa ń lé ọkàn sáré lọ́wọ́. Ẹni tó ń lò ó lè máa tẹ pẹ́dàlì títí, ọkàn rẹ̀ kò ní yára tó bí ó ti ń yára tẹ́lẹ̀; ẹsẹ̀ á kàn wúwo bí ẹni pé wọ́n so òkúta mọ́ ọn. Ìdí nìyẹn tí ìṣirò tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀, pé kí á yọ ọjọ́ orí kúrò nínú 220 láti mọ ibi tí ìlù ọkàn lè ga dé, kò fi wúlò fún irú wa mọ́. Lẹ́yìn tí wọ́n ti mú mi rìn lórí ẹ̀rọ tí a ń rìn lórí rẹ̀ lójú kan, tí wáyà kún àyà mi, dókítà fún mi ní nọ́ńbà kan ṣoṣo. Wọ́n ní, “Ẹ lè máa wa kẹ̀kẹ́ yín, kódà ó yẹ kí ẹ máa wà á, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ọkàn yín lù ju 120 lọ láàárín ìṣẹ́jú kan fún oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́.”

Mo gbà pé ó rọrùn. Mo ra bẹ́líìtì tó ń ka ìlù ọkàn, mo so ó mọ́ àyà, mo sì gbé kẹ̀kẹ́ àtijọ́ mi jáde. Lórí ilẹ̀ títẹ́jú, kò sí wàhálà. Ṣùgbọ́n bí ọ̀nà ṣe gbé orí sókè báyìí, tí mo sì ti wà nínú gíà tó fúyẹ́ jù lọ, nọ́ńbà ojú ẹ̀rọ fò láti 108 sí 131 kí n tó tẹ pẹ́dàlì dé ogún ìgbà. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo dúró títí ó fi wálẹ̀, mo tún gun, mo tún sọ̀. Báyìí ni mo ṣe lo wákàtí kan gbáko lórí òkè tí mo máa ń fi ìṣẹ́jú 16 gùn.

Òkè kì í gba dúnàádúrà. Ìyẹn ni ohun tí àwọn tó ní kí n kàn máa rọra gùn ún kò mọ̀. Bí a bá ro ìwúwo èmi àti kẹ̀kẹ́ mi àtijọ́ pọ̀, kílò 98 ni. Níbi tí ọ̀nà bá ti fi mítà 12 ga sókè nínú mítà 100, agbára tó sún mọ́ wáàtì 200 ni ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ mú jáde kí kẹ̀kẹ́ tó lè rìn ní ìwọ̀n kìlómítà 6 láàárín wákàtí kan, bí ó bá sì falẹ̀ ju ìyẹn lọ púpọ̀, kẹ̀kẹ́ á máa yẹ̀ síhìn-ín yẹ̀ sọ́hùn-ún, ẹni tó wà lórí rẹ̀ á sì ṣubú. Wáàtì 200 yẹn ni owó ibodè òkè náà, ẹni tí kò bá sì ní in lápò, yálà kí ó sọ̀ kalẹ̀ tàbí kí ó yá a lọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Mo gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́ pé èmi náà wà lára àwọn tó ti ń fojú tín-ínrín kẹ̀kẹ́ oníná. Mo ti sọ̀rọ̀ sí àwọn tó ń gùn ún, mo sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ wọn níhìn-ín. Ọ̀rẹ́ mi kan, tí orúnkún ti ń dà láàmú láti ọjọ́ pípẹ́, ni ó fi tirẹ̀ lé mi lọ́wọ́ ní ọjọ́ Àìkú kan láìsọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ní, “Lọ gun òkè rẹ, kí o padà wá sọ ohun tí o rí.”

Ohun àkọ́kọ́ tí mo rí ni pé kò rí bí alùpùpù rárá. Kò sí ohun tí a ń yí lọ́wọ́ kí ó tó lọ. Ẹ́ńjìnnì kékeré náà wà níbi tí pẹ́dàlì ti so mọ́ ara kẹ̀kẹ́, ẹ̀rọ kan tó ń wọn bí ẹsẹ̀ ṣe ń tẹ̀ sì wà nínú rẹ̀; bí mo bá tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, ó ń fi díẹ̀ kún un, bí mo bá tẹ̀ ẹ́ gan-an, ó ń fi púpọ̀ kún un, bí mo bá sì dáwọ́ dúró, òun náà dáwọ́ dúró. Irú kẹ̀kẹ́ tó ń ran ẹsẹ̀ lọ́wọ́ báyìí kì í ṣe ohun àná: ọdún 1993 ni Yamaha ti gbé irú rẹ̀ jáde fún títà ní Japan. Òfin Yúróòpù sì dé e lókè: agbára tí ẹ́ńjìnnì náà lè máa mú jáde láìdáwọ́dúró kò gbọdọ̀ ju wáàtì 250 lọ, ó sì gbọ́dọ̀ dá ìrànlọ́wọ́ dúró tí eré bá ti dé kìlómítà 25 láàárín wákàtí kan. Nígbà tí mo dé ibi gbòǹgbò igi yẹn lọ́jọ́ náà, mo wo ojú ẹ̀rọ. Ó ń ka 109. Mo ti ń làágùn, èémí mi ti ń yára, ẹsẹ̀ mi ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n mo lè sọ gbólóhùn kan parí láìdúró mí. Mo sunkún díẹ̀ lábẹ́ àṣíborí, n kò sì tijú láti sọ ọ́.

Lẹ́yìn tí mo ra tèmi, ó gbà mí ní oṣù kan kí n tó mọ̀ ọ́n lò. Ìpele ìrànlọ́wọ́ mẹ́rin ni ó ní, àṣìṣe tí mo sì kọ́kọ́ ṣe ni pé mo gbé e sí èyí tó ga jù nítorí ìbẹ̀rù. Ìlù ọkàn mi wà ní 88 lórí òkè. Mo kàn jókòó ni, ara kò jèrè kankan. Báyìí, mo máa ń pa á pátápátá lórí ilẹ̀ títẹ́jú, mo ń lo ìpele kìíní níbi tí ọ̀nà ti ga díẹ̀, mo sì ń fi ìpele kẹta pa mọ́ de ibi tó ga jù. Nọ́ńbà ọkàn mi ni mo ń wò kí n tó tẹ bọ́tìnnì, n kì í wo bí òkè ṣe rí. Mo tún kọ́ pé ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ máa yí ní kánmọ́kánmọ́, bí ìgbà 75 sí 85 láàárín ìṣẹ́jú kan, nítorí pé bí ènìyàn bá wà nínú gíà tó le, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń falẹ̀ bó ti ń fi agídí tẹ̀ ẹ́, ẹ́ńjìnnì á gbóná, bátìrì á tètè tán, orúnkún náà á sì kígbe. Àwọn àgbà tó ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́ kò rí kẹ̀kẹ́ oníná rí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ wọn bá a mu.

Bí mo bá to àkọsílẹ̀ ìlù ọkàn mi àtijọ́ àti ti ìsinsìnyí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ti àtijọ́ rí bí eyín ayùn, ó ń lọ sókè gan-gan, ó ń já wálẹ̀ gan-gan. Ti ìsinsìnyí tẹ́ bí ẹní. Iṣẹ́ ẹsẹ̀ mi kò dín, góńgó orí rẹ̀ ni wọ́n gé kúrò, góńgó yẹn gan-an ni ó sì léwu fún mi. Nígbà tí ara mi wà ní pípé, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni mo ń jáde, n ó sì fi ọjọ́ méjì sinmi lẹ́yìn rẹ̀. Ní báyìí, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà máa fi ìṣẹ́jú 150 sí 300 lọ́sẹ̀ ṣe eré ìdárayá tó mọ níwọ̀n. Inú ọ̀sẹ̀ tí ó burú jù lọ pàápàá, mo ń kọjá 200.

Ó ní ìṣòro tirẹ̀. Kílò 23 ni kẹ̀kẹ́ náà, tèmi àtijọ́ kò ju 14 lọ, gbígbé e kọjá igi tó wó lulẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ ẹni tó ní stent láyà. Ẹni tó tà á fún mi ní bátìrì rẹ̀ yóò gbé mi dé 100 kìlómítà. Mo gbà á gbọ́, n kò sì ṣírò pé orí òkè ni mò ń lọ, pé òtútù sì máa ń dín agbára bátìrì kù. Ní kìlómítà 46, iná kú, ó sì ku òkè kan gbáko kí n tó délé. Bọ́tìnnì kan wà lára irú kẹ̀kẹ́ yìí tó ń bá ni tì í bí a bá ń fẹsẹ̀ rìn, ṣùgbọ́n bátìrì kan náà ni òun náà ń lò. Mo ti kẹ̀kẹ́ náà fún bí ìṣísẹ̀ mẹ́wàá, nọ́ńbà mi di 128. Mo gbé e ti òkúta kan, mo jókòó, mo pe ìyàwó mi kí ó fi ọkọ̀ wá gbé mi, mo sì fi oògùn abẹ́ ahọ́n, èyí tí à ń lò bí àyà bá ń fún ni, sí ọwọ́ títí ó fi dé, bí n kò tilẹ̀ lò ó. Láti ọjọ́ náà, bí bátìrì bá ti ku ìdá 40 nínú 100, ibi yòówù tí mo bá dé, ilé ni mo ń kọjú sí. Ohun mìíràn tí mo ń ṣọ́ ni ìṣubú: oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ojú ọgbẹ́ pẹ́ kí ó tó dá, nítorí náà mo ń rọra sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè, mo ń wọ ìbòrúnkún àti ìbọ̀wọ́, n kì í sì í dá lọ mọ́.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí a jọ máa ń gùn ún bi mí léèrè, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, “Ẹ̀gbọ́n, ṣé èyí kì í ṣe èrú ṣá?” Mo sọ fún un pé àwọn tó bẹ̀rẹ̀ eré yìí ní California ní nǹkan bí ọdún 1976 máa ń fi ọkọ̀ akẹ́rù gbé kẹ̀kẹ́ wọn dé orí òkè nígbà mìíràn kí wọ́n tó sáré wálẹ̀, kò sì sí ẹni tó pè wọ́n ní oníjìbìtì. Mo sọ fún un pé láti ọdún 2019 ni àjọ tó ń ṣàkóso eré kẹ̀kẹ́ lágbàáyé ti ń fún olúborí kẹ̀kẹ́ orí òkè oníná ní ẹ̀wù olúborí àgbáyé. Ṣùgbọ́n ìdáhùn mi gan-an ni pé, ta ni mo rẹ́ jẹ? Èmi kò bá ẹnikẹ́ni dije. Bí a bá gba ẹ̀rọ yìí lọ́wọ́ mi, n kò ní padà sórí kẹ̀kẹ́ àtijọ́. Inú ilé ni n ó jókòó sí, tí n ó máa wo òkè láti ojú fèrèsé. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó wá ní bàbá òun náà ti ní àrùn ọkàn, ó sì bi mí bóyá mo lè jẹ́ kí bàbá náà gun tèmi wò. Mo ti fún un ní ọjọ́.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, dókítà tún mú mi rìn lórí ẹ̀rọ, wọ́n sì gbé nọ́ńbà mi sí 130. Ní àárọ̀ Sátidé tó kọjá, nígbà tí mo dé ibi gbòǹgbò igi náà, mo pa ẹ́ńjìnnì fún ìgbà àkọ́kọ́ lórí òkè yẹn, mo sì fi ẹsẹ̀ ara mi nìkan tẹ̀ ẹ́. Ìwúwo kẹ̀kẹ́ náà dé bá mi lójijì. Mo kọjá gbòǹgbò àkọ́kọ́, mo kọjá èkejì, mo ń wo ojú ẹ̀rọ: 124, 126, 128. Nígbà tí ó kan 129, mo tẹ bọ́tìnnì, mo gbọ́ tí ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ sí í kùn yùnyùn, mo sì ń gùn ún lọ.