"Sísítẹ́ẹ̀mù ló kọ̀ mí": ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ lẹ́nu PhD

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ PhD lórí bí ìjọba ṣe ń fi kọ̀ǹpútà pinnu ọ̀rọ̀ aráàlú, ẹ kú iṣẹ́. Ọdún méjì àkọ́kọ́ á dùn mọ́ yín. Tèmi dùn. Mo jókòó sí yàrá kan ní Under G, l'Ógbómọ̀ṣọ́, jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ń pariwo, èmi ń ka ọ̀rọ̀ Nẹ́dálándì bí ẹni ń gbọ́ àlọ́ ìjàpá. Ìjọba ibẹ̀ ní kí kọ̀ǹpútà máa tọ́ka sí òbí tó bá ń fi èrú gba owó ìtọ́jú ọmọ. Bí òbí bá jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè méjì, ìyẹn wà lára ohun tó ń mú kí ẹ̀rọ fura sí i. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún òbí ló bọ́ sínú gbèsè tí wọn ò mọ̀dí. Lọ́jọ́ 15 oṣù kìíní ọdún 2021, Mark Rutte, olórí ìjọba wọn nígbà náà, àti gbogbo ìgbìmọ̀ rẹ̀ kọ̀wé fipò sílẹ̀.

Orí kìíní ìwé mi tí mo kọ́kọ́ gbé fún Prof tó ń darí iṣẹ́ mi, Ifá ni mo fi wé algorithm, ìyẹn ìlànà ìṣirò tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀ lé. Odù 256, ojú àti ẹ̀yìn ọ̀pẹ̀lẹ̀, ẹ kúkú mọ bó ṣe máa ń dùn létí. Prof fi báírò pupa fa ìlà gba ojú ewé mẹ́rin kọjá. Wọ́n ní, "Babaláwo máa ń ki ẹsẹ̀ Ifá sí etígbọ̀ọ́ ẹni tó wá dáfá. Bí onítọ̀hún bá ní tòun kọ́ nìyẹn, á ki òmíràn. Àwọn òbí inú ìwé rẹ yìí, ta ló ki tiwọn fún wọn?" Inú bí mi fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko.

Ẹ má wá ẹ̀rọ ọlọ́gbọ́n kiri o. Èyí tó ń ba ayé àwọn èèyàn jẹ́ lè jẹ́ ìṣirò ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ètò ìjọba kan tí wọ́n pè ní Robodebt ní Ọsirélíà nígbà kan, ṣe ló máa ń mú owó tí èèyàn pa lọ́dún, tó ń pín in sí ọ̀nà 26, ọ̀sẹ̀ méjì méjì, kó wá fi wé iye tí onítọ̀hún sọ pé òun ń pa nígbà tó ń gba owó ìrànwọ́. Bí kò bá dọ́gba, gbèsè dé. Ẹ gbé e wá sí Ògbómọ̀ṣọ́ ńbí. Ẹni tó ń ra kaṣú lọ́wọ́ àgbẹ̀ tó ń tún un tà, oṣù mélòó kan péré ló fi ń rí towó ṣe. Tó bá fi máa di oṣù kẹjọ, ó lè ti máa yáwó ra gàrí. Ẹ wá pín owó ọdún rẹ̀ sọ́nà méjìlá: nínú ìwé, owó ń wọlé fún un nínú oṣù kẹjọ. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìgbìmọ̀ tó wádìí ọ̀rọ̀ náà gbé àbọ̀ jáde lọ́dún 2023, a sì rí i níbẹ̀ pé láti 2014 ni àwọn amòfin ilé iṣẹ́ ìjọba náà gan-an ti kìlọ̀ pé kò bófin mu.

Tiwa náà wà. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2025, JAMB ní kí ọmọ 379,997 tún ìdánwò kọ, ní Èkó àti ní ìpínlẹ̀ márààrún ilẹ̀ Ìgbò, torí àtúnṣe sọ́fúwía kan tí kò dé orí sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà àgbà, tó yẹ kó dé. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ishaq Oloyede, tó jẹ́ olórí JAMB nígbà náà, sunkún níwájú àwọn oníròyìn. Àwọn kan bú wọn. Ní tèmi, ó kéré tán, a rójú ẹnì kan. Nínú ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì tí mo wọ̀ fún iṣẹ́ yìí, mi ò rójú ẹnikẹ́ni.

Ìyá kan tó ń yan gàrí lẹ́yìn ilé wa ló já mi kúrò nínú ìwé kíkà. Wọ́n bẹ̀ mí kí n sin àwọn lọ sí ọ́fíìsì kan tí mi ò ní dárúkọ, níbi tí wọ́n ti ń forúkọ àgbàlagbà sílẹ̀. Wọ́n ti dá wọn padà lẹ́ẹ̀mejì. Mo ní, "Màmá, kí ni wọ́n ní ó fà á?"

"Wọ́n ní sísítẹ́ẹ̀mù ló kọ̀ mí. Ta ló ń jẹ́ sísítẹ́ẹ̀mù, ọmọ mi?"

Ọmọkùnrin tó wà nídìí kọ̀ǹpútà náà kò ju ọmọ ọdún 25 lọ. Ó gbé àtàǹpàkò màmá lé ẹ̀rọ, iná pupa. Ìfábẹ̀lá, iná pupa. Ó yọ òrombó wẹ́wẹ́ kan nínú dúróọ̀, ó fi pa ìka wọn, ó fi tíṣù nù ún, ó tún gbé e lé e. Iná pupa náà ni. Ìgbà yẹn ni mo tó wo ọwọ́ màmá dáadáa. Pákí tí wọ́n ti ń bó láti ìgbà tí wọ́n ti wà ní ọ̀dọ́, ìrín, agbada gbígbóná: orí ìka ń dán bí ẹ̀yìn ṣíbí. Ọmọńdinrín ọwọ́ òsì nìkan ni ẹ̀rọ gbà. Ó wá ku orúkọ. Ṣ wà nínú orúkọ bàbá wọn. Báńkì kọ ọ́ ní s, káàdì ìdìbò kọ ọ́ ní sh. Lójú ẹ̀rọ, èèyàn méjì ni màmá.

Ọmọ yẹn kọ́ ló kọ̀ wọ́n. Ẹnì kan ló jókòó síbì kan tó pinnu pé lẹ́tà gbọ́dọ̀ bára mu délẹ̀, bóyá onítọ̀hún ò tiẹ̀ sí lẹ́nu iṣẹ́ mọ́. Òun ni kí ẹ máa wá.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka òfin, ẹ dúró díẹ̀ níbí. Abala 37 nínú òfin ààbò dátà ti 2023 ní èèyàn lẹ́tọ̀ọ́ pé kí wọ́n má fi ìpinnu tí ẹ̀rọ nìkan ṣe de òun, bí ìpinnu náà bá máa kan ẹ̀tọ́ rẹ̀ lábẹ́ òfin tàbí kan ayé rẹ̀ gidigidi. Ẹ wo "nìkan" yẹn. Bí ọmọ kan bá ti wà níbẹ̀ tó ń tẹ bọ́tìnì, ọ́fíìsì á ní ẹ̀rọ nìkan kọ́. Ọmọ náà á ní òun kọ́, sísítẹ́ẹ̀mù ni. Ojú ewé 40 ni mo kọ lórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn.

Ẹ tètè kọ lẹ́tà béèrè ìwé lábẹ́ òfin òmìnira ìròyìn ti 2011. Ọjọ́ méje ni òfin ní kí wọ́n fi dáhùn. Ẹ̀yin ẹ fi oṣù méje sínú ètò yín. Tí ẹ bá dé ọ́fíìsì, ẹ má pe "algorithm" sí wọn létí, ẹ ní ẹ fẹ́ mọ ohun tó ń fà á tí wọ́n fi ń dá èèyàn padà. Ẹ má sì ní kí àgbàlagbà tẹ̀ka sórí fọ́ọ̀mù yín láti fi hàn pé wọ́n gbà kí ẹ fọ̀rọ̀ wá wọn lẹ́nu wò. Mo ṣe é fún màmá lọ́jọ́ yẹn gan-an. Wọ́n wo páàdì íńkì náà, wọ́n wò mí, ojú tì mí. Láti ìgbà náà, ohùn ẹni tó bá gbà ni mo ń gbà sílẹ̀ dípò ìka.

Nígbà tí a fẹ́ máa lọ, ọmọkùnrin yẹn fa nóòtù kan yọ. Ó kọ ọjọ́ sí i, ó kọ "ìka", ó kọ "orúkọ". Mo bi í pé ta ló ní kó máa kọ ọ́. Kò sẹ́nì kankan. Ó ní kọ̀ǹpútà kì í tọ́jú àwọn tó bá kọ̀, àwọn tó gbà nìkan ló ń kà. Oṣù mẹ́ta ni mo fi ń lọ jókòó tì í. Mi ò gbé nóòtù náà kúrò níbẹ̀, mi ò da orúkọ ẹnikẹ́ni kọ, mo kàn ń ka iye ìgbà tí ó jẹ́ ìka, iye ìgbà tí ó jẹ́ orúkọ, iye ìgbà tí ó jẹ́ ọjọ́ ìbí. Orí kẹrin mi nìyẹn, òun sì ni wọ́n fi gbogbo ọjọ́ dìfẹ́ǹsì, ìyẹn ọjọ́ àyẹ̀wò ìwé mi, bi mí léèrè. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo lọ kí ọmọkùnrin náà. Ó ti wà lórí nóòtù kẹta. Owó àpò ara rẹ̀ ló fi ń rà á.