Ìka Kan Péré

Láti kékeré ni ìtàn ọlọ́rọ̀ àti Lásárù, Lúùkù 16, ti ń dẹ́rù bà mí. Kì í ṣe iná tó ń jó ọlọ́rọ̀ náà gan-an o; ìka ni. Ọkùnrin náà ò tọrọ ife omi. Kí Lásárù ṣáà ti orí ìka bọ omi, kó fi tu òun láhọ́n. Nínú oró náà, ó ṣì ń rán Lásárù níṣẹ́ bí ọmọ ọ̀dọ̀!

Ìgbà tí mo dàgbà ni mo mọ̀ pé Hédíìsì, ipò òkú, ló wà níbẹ̀ lédè Gíríìkì. Gẹ̀hẹ́nà, ọ̀run àpáàdì ti Máàkù 9, yàtọ̀: àfonífojì Hínómù ni, lẹ́bàá Jerúsálẹ́mù, níbi tí àwọn òbí ti sun ọmọ wọn nínú iná. Ó wà nínú Jeremáyà 7:31. Lálẹ́ ọjọ́ tí mo kà á, mo pa Bíbélì dé, mi ò pa iná.